Ọ̀fun Ló Ń Dùn Ún, Orí Ló Fi Parọ́

Morọ́láyọ̀ Bámilóyè ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí síta. Ó ní òun ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run, òun ti sọ ọ́ fún ọkọ òun, ó ku àwọn tí kò mọ òun rí. Ó ní àwọn wọ̀nyẹn ni kò ní máa ṣàánú òun kí wọ́n tó gbọ́ ọ tán.

Ẹ gbọ́ ọ, nígbà náà.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Morọ́láyọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀, àwọn ń gbé lókè. Ọkọ ló ń wá iṣẹ́. Ìyàwó ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lókè níbẹ̀, tó ń to ọ̀rọ̀, tó ń yẹ ìwé wò kó tó di títẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àyúbà ló ń darí ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lọ́dọ̀ wọn; ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Níní, ọmọ wọn kan ṣoṣo.

Àìsàn kan ló bá Morọ́láyọ̀ dàgbà. Tọ́ńsìlì rẹ̀, ẹran kékeré méjì tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì ọ̀fun, a máa wú títí tí itọ́ kò fi ní ṣeé gbé mì. Ibà a sì tẹ̀lé e. Oṣù mẹ́ta kì í kọjá kó má lo oògùn sí i. Nígbà tó wá di ọdún yìí, dókítà kan ní ilé ìwòsàn aládàáni lẹ́bàá Igbóbì ní kí wọ́n kúkú yọ ọ́.

"Mo rò pé ọmọdé ni wọ́n ń ṣe é fún," ni Morọ́láyọ̀ wí.

"Ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé ẹ̀," ni dókítà dá a lóhùn. "Àgbàlagbà ló máa ń jìyà ẹ̀. Ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ò ní lè jẹun dáadáa, ẹ ò sì gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ náà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ẹ̀ ni nǹkan bàjẹ́.

Ìwé ètò ìsìnkú ni. Ìdílé Ògúntádé fẹ́ sin ìyá wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n bá àwọn tẹ ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n fọwọ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ ránṣẹ́. Òkìkíọlá ni àkọ́bí, Ọlápọ̀sí ló tẹ̀lé e. Ọlápọ̀sí ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nítorí náà "Olóògbé" gbọ́dọ̀ wà níwájú orúkọ rẹ̀.

Ara Morọ́láyọ̀ gbóná lọ́jọ́ yẹn. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Bámilóyè, ọkọ rẹ̀, wá bá a nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ìyá Níní, lọ dùbúlẹ̀. Màá wá ẹlòmíì tó máa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀."

"O rántí ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà àbí o ò rántí?"

Ó rántí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó to kàlẹ́ńdà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ó sì fún oṣù Èrèlé ní ọgbọ̀n ọjọ́. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ náà, Bámilóyè kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, wàá dìde níbẹ̀, màá gba ẹlòmíì síbẹ̀."

Ìjókòó yẹn ni ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń pe Morọ́láyọ̀ ní ọ̀gá. Nílé, nílé ìjọsìn, ní àdúgbò, Ìyá Níní ni. Òun kò ní dìde níbẹ̀.

Ó jókòó, ó parí iṣẹ́.

Ní ọ̀sán, Àyúbà gòkè wá pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo kí wọ́n tó tẹ gbogbo ìyókù. Ó ti fi báírò roboto yí ọ̀rọ̀ kan ká. Ó ti kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé òun ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo ibí yìí," ni Àyúbà wí. "Àkọ́bí la kọ olóògbé sí. Mo rò pé mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá pé èkejì ló kú."

Morọ́láyọ̀ kò wo ibi tó nàka sí. Ọ̀fun rẹ̀ ń jó bí ìgbà tí wọ́n fi ata kùn ún. Kò fẹ́ la ẹnu. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ òun kí òun lè fi orí lé tábìlì.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba báírò lọ́wọ́ Àyúbà, ó fọwọ́ sí ìwé náà nísàlẹ̀. Fáìlì tí wọ́n ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí wà nísàlẹ̀, kò sì ní agbára àtisọ̀ kalẹ̀, ó bá ká ìwé náà sínú báàgì ìléwọ́ rẹ̀.

Àyúbà lọ tẹ ẹgbẹ̀rún kan.

*

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Ohun tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé fún un tán.

Nígbà tó jí, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ki ògúnná bọ̀ ọ́ lọ́fun, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Kò lè gbé itọ́ mì. Ó ń da itọ́ sínú abọ́ bí ìkókó tó ń hu eyín. Etí méjèèjì ń ro ó, bẹ́ẹ̀ wọn ò fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ó wo inú ẹnu rẹ̀ nínú dígí, ó rí ohun funfun bí ògì gbígbẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òórùn ẹnu rẹ̀ bà á lẹ́rù.

"Ohun funfun yẹn ni egbò fi ń bo ara ẹ̀," ni nọ́ọ̀sì sọ fún un. "Tó bá di ọjọ́ keje tàbí ìkẹjọ, á máa bọ́. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró nílé o."

Wọ́n ti rán Níní lọ sọ́dọ̀ ìyá Morọ́láyọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bámilóyè wà nísàlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ láti òwúrọ̀. Ta ló máa wá tọ́jú aláìsàn?

Fàsílátù ni, ìyàwó Àyúbà. Ilé kẹta sí tiwọn ni wọ́n ń gbé. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé Morọ́láyọ̀ délé ló ti ń gbé ẹ̀kọ mímu wá, ẹ̀kọ tó ti fẹ́ títí tó fi tutù, tó sì ti sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí kókó kankan má baà há aláìsàn lọ́fun.

"Ẹ rọra, Ìyá Níní. Díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ orí sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má wo bó ṣe pọ̀ tó. Ṣíbí kan ni ká kọ́kọ́ bá ṣe."

Fàsílátù fi ọdún mẹ́ta ju Morọ́láyọ̀ lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ìyàwó ọ̀gá ni, ẹ̀yin ló ń bá a sọ. Morọ́láyọ̀ náà kì í sọ ìwọ sí i. Bí Fàsílátù bá ti ń bọ́ ọ, a máa sọ ìtàn. Munirat, ọmọ rẹ̀, ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n Fàsílátù obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ti ra ọkọ̀ ojú omi. Àyúbà ń hanrun bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Morọ́láyọ̀ kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín ń fa ọ̀fun ya, ṣùgbọ́n a di ọwọ́ Fàsílátù mú.

Ìwé kékeré kan àti báírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ohun tó bá fẹ́ ló ń kọ síbẹ̀. Omi. Oògùn. Ẹ ṣí fèrèsé.

*

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ìyá àwọn Ògúntádé. Àárọ̀ Sátidé ni Morọ́láyọ̀ gbọ́ ohùn obìnrin kan nísàlẹ̀.

Obìnrin náà kò pariwo. Bí kò ṣe pariwo yẹn gan-an ló jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà," ni Bámilóyè dáhùn.

"Èmi ni olóògbé."

Morọ́láyọ̀ gbọ́ tó ń ṣí ìwé.

"Òkìkíọlá Ògúntádé. Ẹ wo ojú ìwé kẹta. Mo jókòó síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ìyá mi, mo ṣí ìwé, mo rí i pé mo ti kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo kúrò lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Àwọn àbúrò ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé mi lórí níbi tí mo jókòó sí. Àbúrò mi tó kú, ẹ sọ ọ́ di alààyè. Ìyàwó rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ nígbà tó rí i."

Morọ́láyọ̀ jókòó lórí ibùsùn. Ó rántí roboto tí wọ́n fi báírò yí. Ó rántí pé òun kò wò ó.

Ó gbọ́ bí Bámilóyè ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ó gbọ́ tí obìnrin náà sọ pé, "Mi ò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́, kí n fi ojú mi rí i, kó rí èmi náà pé mo wà láàyè." Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àti ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Bámilóyè àti Àyúbà jọ wọlé ni. Ojú Bámilóyè ti pọ́n.

"Ìyá Níní, má bínú. Mo mọ̀ pé o ò lè sọ̀rọ̀. Kàn mi orí fún mi. Àyúbà ní òun gbé ìwé àyẹ̀wò wá bá ọ lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ẹ, pé òun bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ olóògbé yìí. Ṣé ó bi ọ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìṣẹ́jú kan péré ni. Morọ́láyọ̀ ní bí ẹni pé ọdún kan ni. Ó rí ìjókòó ìdí kọ̀ǹpútà. Ó rí ẹlòmíì níbẹ̀. Ó wo Àyúbà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú yíńkì dúdú lọ́wọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀gá òun obìnrin máa sọ òtítọ́.

Ó mi orí. Rárá.

Àyúbà ṣe bí ẹni tí kò rí i dáadáa. "Mà?"

Ó tún un mì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rántí. Mo fi báírò yí i ká. Ẹ gba báírò lọ́wọ́ mi. Ẹ fọwọ́ sí i, ìwé náà wà lọ́wọ́ yín."

Bámilóyè ti wo fáìlì kó tó gòkè wá. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

Morọ́láyọ̀ di ojú. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun bí ẹni tí ìrora ń pa. Ìrora ń pa á lóòótọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn.

"Fi í sílẹ̀," ni Bámilóyè wí fún Àyúbà. "O ò rí i pé ara rẹ̀ ò yá? Ọdún mọ́kànlá, Àyúbà. Ká ní o sọ fún mi pé o ṣàṣìṣe ni, ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n o wá ń purọ́ mọ́ aláìsàn. Lọ kó ẹrù ẹ."

*

Morọ́láyọ̀ rò pé Fàsílátù kò ní wá mọ́. Ó tilẹ̀ gbàdúrà pé kó má wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀kùn ṣí. Fàsílátù ló wọlé, àwo ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìyẹn, àárín ọkùnrin ni. Ọ̀fun yín kò ṣẹ̀ mí."

Ó jókòó. Ó bọ́ ọ. Ẹ̀kọ náà tutù, ó sì dùn, ó sì ń ta Morọ́láyọ̀ lọ́fun bí abẹ́rẹ́ bó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí Fàsílátù lọ, Morọ́láyọ̀ mú ìwé kékeré náà. Ó kọ ọ́ pé: "Bàbá Níní, Àyúbà bi mí." Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ya á, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì fi í sábẹ́ eérú oògùn ẹ̀fọn.

Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé tí ara òun bá yá, òun máa sọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹnu la fi ń sọ ọ́, kì í ṣe báírò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀fun jinná ná.

Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tó dá wà, ó dán ohùn rẹ̀ wò. "Á," ló wí. Ohùn jáde, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ohùn ni. Ẹ̀rù bà á ju ìgbà tí kò lè sọ̀rọ̀ lọ. Ó pa ẹnu dé.

"Dókítà ní o ti lè máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀," ni Bámilóyè sọ fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ó nàka sí ọ̀fun, ó mi orí.

"Ó ṣì ń dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bámilóyè fọwọ́ pa á lórí. "Pẹ̀lẹ́. Má dá ara ẹ lóró."

Bí ó ṣe di ẹni tó ń fi àìsàn ṣe ilé tó ń sápamọ́ sí nìyẹn. Kò sì rí ọ̀nà àbájáde níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Fàsílátù ń gbé ìròyìn wá pẹ̀lú ẹ̀kọ. Àyúbà ti lọ sí ilé ìtẹ̀wé mẹ́fà ní Bajulaiye. Gbogbo wọn ló ti gbọ́. "Ṣé ìwọ lo pa alààyè sórí ìwé?" ni ọ̀kan bi í. Ó ti ń jókòó sílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kì í sọ̀rọ̀, kì í tan rédíò. Morọ́láyọ̀ ń gbọ́ ọ, ó ń gbé ẹ̀kọ mì.

*

Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo rẹ̀ bẹ́.

Ó tó aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Bámilóyè ti lọ ra bébà ní Múṣin. Fàsílátù dé, ó gbé àwo kalẹ̀, kò tètè jókòó.

"Mo wá sọ fún yín pé a ń kó lọ ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká máa bọ̀ ní Ìlàjẹ, Àyúbà á máa bá wọn já ẹja lébùúté. Ìṣẹ́ kò ní pa wá." Ó nu ṣíbí nù. "Mo kàn ń ronú ẹni tó máa máa sẹ́ ẹ̀kọ fún yín."

Morọ́láyọ̀ ń wò ó.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín kó kúrò lọ́kàn mi," ni Fàsílátù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àyúbà fi Kùránì búra fún mi pé òun bi yín. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní mo ń fi ọwọ́ mi méjèèjì bọ́ obìnrin yìí lójoojúmọ́, mo mọ ojú ẹ̀. Ẹni tí ìyà ń jẹ báyìí kò lè parọ́ mọ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí èmi àti ọkọ mi ò bá ara wa sọ̀rọ̀."

Morọ́láyọ̀ la ẹnu.

Títí di òní, kò mọ̀ bóyá òun ìbá sọ ọ́. Ó ń wù ú kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò lè búra. Ohun tó mọ̀ ni pé ohun gbígbóná kan kún ẹnu òun, ó sì rí bí irin lórí ahọ́n. Ó tẹ orí sílẹ̀ sórí abọ́. Pupa ni.

Ó da á sílẹ̀, ó tún kún. Ó gbé díẹ̀ mì, ó bì í padà. Kò lè pe ẹnikẹ́ni. Bó bá gbìyànjú àtisọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ dípò rẹ̀.

"Ẹ má dùbúlẹ̀," ni Fàsílátù wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ẹ tẹ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ kó máa dà. Káàdì ilé ìwòsàn ńkọ́? Ó wà nínú báàgì?"

Morọ́láyọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kó tó rántí ohun mìíràn tó wà nínú báàgì náà. Ó na ọwọ́. Ó ti pẹ́ jù.

Fàsílátù da báàgì sórí ibùsùn. Káàdì jáde. Áńkáṣífù jáde. Ìwé tí wọ́n ká sí mẹ́rin jáde, ó sì ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Fàsílátù mọ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó rí roboto. Ó ka, "Ṣé òun ni?" Ó rí bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Ó gbé ojú sókè. Morọ́láyọ̀ ń wò ó lókè abọ́ ẹ̀jẹ̀, omijé àti itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ti dàpọ̀ lágbọ̀n rẹ̀.

Fàsílátù fi ìwé náà sínú àyà rẹ̀. Ó fi ìró di aláìsàn ní àdìmú, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí ilé ìwòsàn. Fàsílátù di abọ́ mú lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Bó bá ti kún díẹ̀, a dà á síta lójú kòtò, a tún gbé e padà. Ó di orí Morọ́láyọ̀ mú dáadáa kó má baà gbá irin kẹ̀kẹ́. Ó wo iwájú títí wọ́n fi dé.

Morọ́láyọ̀ ní òun ìbá fẹ́ kó gbá òun létí.

*

Wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Wọ́n tún gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n jó ojú iṣan tó là. Nígbà tó jí, ìrora ti padà sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín," ni dókítà sọ fún un. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú egbò bá ń bọ́, pàápàá sí àgbàlagbà. Ẹ ò ṣe nǹkan kan tó burú."

Fàsílátù wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó gbọ́ ọ. Nígbà tí dókítà jáde, ó súnmọ́ ọn. Ó fa ìwé náà yọ, ó fi í sí ọwọ́ Morọ́láyọ̀, ó sì pa àwọn ìka rẹ̀ dé lórí rẹ̀.

"Mo ti pe ọkọ ẹ. Ó ń bọ̀," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ ìwọ sí i. "Mi ò ní fún un. Ìwọ lo máa fún un."

Ó mú ìró rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti kùn, ó sì lọ.

Morọ́láyọ̀ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ omi wà ní apá kan, ìwé wà ní apá kejì. Ó lè jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ó lè fi í sábẹ́ ara. Kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Nígbà tí Bámilóyè wọlé, tó ń mí gúlegúle, tó ń pe orúkọ rẹ̀, Morọ́láyọ̀ na ọwọ́ sí i, ó ṣí i.

Ọkọ rẹ̀ kà á lórí ìdúró. Ó tún un kà. Ó jókòó sórí àga tí Fàsílátù fi sílẹ̀.

"Mo bi ọ́," ló wí.

Omijé ń dà lójú Morọ́láyọ̀. Kò tilẹ̀ lè sunkún dáadáa, nítorí ẹkún ń fa ojú egbò.

"Mo dúró níwájú ẹ, mo bi ọ́. Àyúbà dúró síbẹ̀." Ó ká ìwé náà. "Mo lé ènìyàn tó bá mi bẹ̀rẹ̀. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ìwọ ò lè ṣe é."

Ó gbé omi fún un mu. Ìyẹn ló dun Morọ́láyọ̀ jù, pé ó ṣì gbé omi fún un mu.

*

Bámilóyè lọ bẹ Àyúbà ní Sátidé, níbi tó ti ń di ẹrù. Ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Mo dúpẹ́," ni Àyúbà dá a lóhùn. "Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn ilé ìtẹ̀wé tó kù, kí orúkọ mi lè mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò lè padà. Bí mo bá dúró sídìí ẹ̀rọ yẹn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá wo ìwé, màá máa rò pé ẹ̀ ń wò mí."

Bámilóyè wọ ilé ìtẹ̀wé kan jáde, ó wọ òmíràn, ó ń sọ òtítọ́, ó ń gba ìtìjú. Ó mú Morọ́láyọ̀ lọ sọ́dọ̀ Òkìkíọlá Ògúntádé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Morọ́láyọ̀ kúnlẹ̀. Obìnrin náà wò ó tán, ó ní, "Mo fẹ́ rí yín ni. Mo ti rí yín. Ẹ dìde."

Ìdí kọ̀ǹpútà tó tìtorí ẹ̀ parọ́, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bámilóyè kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, òun fúnra rẹ̀ ló dìde níbẹ̀. Obìnrin mìíràn ló ń yẹ ìwé wò báyìí.

Ìlàjẹ ló kù. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló tó ní ìgboyà àtilọ. Ó rin ọ̀nà Bàrígà títí dé ibi tí òórùn omi ọ̀sà àti èéfín ẹja ti ń pàdé ara wọn. Ó bá Fàsílátù níwájú àdògán, tó ń yí ẹja padà lórí irin.

"Ẹ káàbọ̀," ni Fàsílátù wí. "Ọ̀fun ńkọ́?"

"Ó ti jinná." Ohùn Morọ́láyọ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀, ó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ìyá Munirat, mo wá bẹ̀ yín."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Roboto tí kò wò, orí tó mì, ìwé tó ya, ohùn tó ti padà tó fi pamọ́. Kò yọ ohun kan sílẹ̀. Fàsílátù ń gbọ́, ó ń yí ẹja. Nígbà tó parí, èéfín nìkan ló ń lọ sókè.

"Mo ti dárí jì yín," ni Fàsílátù wí. "Ọjọ́ tí mo délé tí mo sì bẹ ọkọ mi ni mo ti dárí jì yín. Èmi náà pè é ní òpùrọ́."

"Ẹ ṣeun."

"Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Àwọn ọjọ́ tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀ yẹn, mo fẹ́ràn yín gan-an. Kò sí ọ̀rọ̀ inú mi tí mi ò sọ fún yín. Mo ti ń wá nǹkan tí màá sọ láti ìgbà tí ẹ ti dé yìí, mi ò rí i."

Oòrùn ń mú. Morọ́láyọ̀ ní kó bá òun di ẹja díẹ̀ tí òun máa rà.

Ohun tó ní kí a sọ fún yín kò pọ̀. Ó ní bí ẹ bá ṣẹ ènìyàn, ẹ má dúró kí ara yín yá kí ẹ tó sọ ọ́. Ó ní àárẹ̀ ara kì í jẹ́ kí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ rí ọ̀nà bínú sí yín, ohun tó burú nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Fàsílátù ṣa ẹja mẹ́rin tó yan dáadáa. Ó wé e sínú bébà, ó wé e lẹ́ẹ̀kejì kí òróró má baà jò. Ó fi ẹyọ kékeré kan ṣe ènì lórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bó ti ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìlàjẹ.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Ó dìgbà, oníbàárà mi."